Ẹṣin Ọgọ́jọ Nínú Ọgbà Wa

Mo rántí ìgbà tí ọkọ mi ra ọkọ̀ tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó ti ọgọ́jọ ẹṣin. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ iye náà fún mi. Kò sọ pé ọkọ̀ náà lẹ́wà, kò sọ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ nítorí iṣẹ́ kan báyìí. Ọgọ́jọ ẹṣin ló ń sọ tó tún ń sọ, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bí ẹni ń tu ẹranko lójú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé ni, wọ́n sì ti gbé ọkọ̀ náà wọ inú ọgbà kí n tó dé. Mo dúró sórí àtẹ̀gùn, ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi wà lábíyá, mo bi í pé láti Sùúrùlérè dé Èkó, níbo ni ọgọ́jọ ẹṣin fẹ́ ti ráyè sáré? Ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà," ó ní, "o ò lè sinmi ìṣirò lọ́jọ́ kan ṣoṣo." Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Èmi kò sì gbàgbé pé kò dá mi lóhùn.

Nígbà náà, òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan là ń gbé, kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí. Mò ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Yábàá, ọkọ mi sì jẹ́ ọ̀gá díẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó. Èmi ni mo ní ọkọ̀ nínú àwa méjèèjì: ìjàpá aláwọ̀ ewé kan, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, tó máa ń pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta. Owó oṣù tèmi ni mo fi rà á. Èmi ni mo sì ń fi gbé ọkọ mi lọ sí ibi iṣẹ́ ní àràárọ̀, kí n tó sọdá afárá padà wá sí Yábàá. Kì í ṣe pé kò mọ ọkọ̀ wà o. Ó ti gba ìwé àṣẹ kí n tó mọ̀ ọ́n rárá. Ṣùgbọ́n láti ọdún tí ìjọba ti ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò ní ọwọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, kò fọwọ́ kan sítíárìn mọ́. Ó ní ọkọ̀ wíwà kì í jẹ́ kí òun ráyè ronú.

Mo gbà á gbọ́, nítorí pé bó bá ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi báyìí, yóò tẹ́ ìwé ìròyìn sórí itan. Mo kíyè sí i pé kì í ṣí ojú ewé kejì, àmọ́ mi ò ro ìyẹn síbì kan. Ohun tó ń bí mi nínú ni ọwọ́ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á di irin tó wà níwájú rẹ̀ mú títí eegun ìka rẹ̀ á fi yọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé bíréèkì wà níbẹ̀. Lójú tèmi, ìwọ̀sí ni. Mo ti rí ọkùnrin tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí obìnrin tó ń wakọ̀, mo sì ti mọ ohun tó túmọ̀ sí.

"Ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?" Mo bi í léèrè bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan lórí afárá.

"Mo fọkàn tán ọ," ó ní, kò sì yọ ọwọ́ kúrò lára irin náà.

Ẹni tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sùn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí. Ó ń ta abọ́ tánganran ní Ọtọ́, ohùn rẹ̀ sì dà bí ìgbà tí wọ́n bá já abọ́ náà lulẹ̀. Kò sí ọjọ́ tó wá sílé wa tí kò ní rí ohun kan sọ nípa ìjàpá mi. "Èmi ò rí irú èyí rí o," á ní, "kí obìnrin máa gbé ọkọ rẹ̀ kiri ìgboro bí agbọ̀n tòmátò." Á wá kọjú sí àbúrò rẹ̀. "Ọkọ mi, ṣé wọn kì í já ọ lulẹ̀ lọ́nà?" Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi kò dé ọ̀fun. Mo mọ̀ nísinsìnyí pé tirẹ̀ pàápàá kò dé ibì kan.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba gbé òfin nọ́ńbà jáde. Ẹni tó bá gbé Èkó nígbà náà á rántí. Ọkọ̀ ti pọ̀ jù, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ti fẹ́ pa gbogbo wa, wọ́n wá ní kí àwọn ọkọ̀ tí nọ́ńbà wọn ṣeé pín sí méjì máa wọ Èkó ní ọjọ́ tiwọn, kí àwọn tí tiwọn kò ṣeé pín sí méjì máa wọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mìíràn. Nọ́ńbà ìjàpá mi kò ṣeé pín sí méjì. Bí ọjọ́ bá ti jẹ́ ti àwọn yòókù, ọkọ mi á wọ bọ́ọ̀sì, á sì dé ọ́fíìsì pẹ̀lú ẹ̀wù tó ti rún. Àwọn tó lówó lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀ kejì tí nọ́ńbà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́, kí wọ́n lè máa jáde lójoojúmọ́. Ohun tí ọkọ mi náà sọ nìyẹn. Ó ní torí òfin nọ́ńbà lòun ṣe ra ẹṣin ọgọ́jọ.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé náà, mo lọ wo nọ́ńbà tó wà nídìí ọkọ̀ tuntun náà. Iṣẹ́ mi ni. Mo pín in sí méjì, ó ṣẹ́ ku ẹyọ kan. Ọjọ́ kan náà tí ìjàpá mi lè wọ Èkó ni ọkọ̀ tuntun náà lè wọ̀ ọ́. Ọjọ́ tí ìjàpá bá jókòó sílé, òun náà á jókòó tì í.

"Ẹni tó fún mi ní nọ́ńbà ló ṣe àṣìṣe," ọkọ mi ní.

"Ẹ ò wò ó kí ẹ tó gbà á?"

Ó wọlé lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé irọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ sá fún òfin nọ́ńbà, nọ́ńbà ni yóò kọ́kọ́ wò. Ẹni tí kò wo nọ́ńbà, ohun mìíràn ló ń wò.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọkọ̀ náà. Bó bá di àárọ̀, ọkọ mi á wà á jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní jíà kìíní. Géètì méjì ni ọgbà wa ní, ọ̀kan fún wíwọlé, ọ̀kan fún jíjáde, nítorí náà kò sí ìgbà kan tó ní láti fi ẹ̀yìn rìn. Mo máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà tó ń kùn ní jíà kìíní títí yóò fi dé ìyànà. Mo ní ó ń kẹ́ ẹ ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ inú rẹ̀ láti wá agbòjò mi, orúnkún mi méjèèjì sì gbá sítíárìn. Èmi kì í ṣe obìnrin kúkúrú. Ọkọ mi fi orí ga jù mí lọ. Wọ́n ti fa ìjókòó náà síwájú títí dé ibi tí irin rẹ̀ pin sí. Mo ṣí búùtù, mo rí tìmùtìmù kékeré kan níbẹ̀, tí ẹnì kan fi òwú pupa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ sí etí rẹ̀. Mo gbóòórùn rẹ̀. Ó ń rùn bíi káńfọ̀ inú àpótí aṣọ.

Obìnrin kúkúrú. Kò sí ìdáhùn mìíràn. Ọkọ mi ń kọ́ obìnrin kúkúrú kan ní ọkọ̀ wíwà, obìnrin náà ń jókòó lórí tìmùtìmù kó lè rí títì, torí rẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ra ẹṣin ọgọ́jọ. Mo yanjú rẹ̀ lọ́kàn mi láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì fa ìlà méjì sábẹ́ ìdáhùn náà bí mo ṣe máa ń ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ṣe. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì, mi ò gbọ́ ìwàásù kankan. Mò ń wọn àwọn obìnrin. Mo yọ àwọn tó ga kúrò, mo yọ àwọn arúgbó kúrò, ó wá ku nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìdí-Àràbà, tó máa ń fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ kí ọkọ mi. Mo kórìíra obìnrin náà fún odidi oṣù méjì. Kò ṣẹ̀ mí rárá, kò sì mọ̀ títí ó fi kó kúrò ní àdúgbò.

Láàárín oṣù méjì yẹn ni Àǹtí tún dé. Ó wo ọkọ̀ méjèèjì nínú ọgbà, ó ka nọ́ńbà wọn. Obìnrin tó ń sọ pé òun ò kàwé! "Ṣé ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì ń jáde ni? Kí wá ni ìwúlò èyí tó kéré yìí? Ẹ jẹ́ kí n máa fi kó abọ́ mi." Mo rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó wá gbé e lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Ó ní a ò nílò méjì, ẹṣin ọgọ́jọ ti tó gbogbo ilé. Wọn ò béèrè lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ tí mo fi ẹ̀jẹ̀ ara mi rà ni wọ́n fẹ́ fi kó abọ́ tánganran lọ sí Ọtọ́. Tó bá sì lọ, ẹsẹ̀ mi ló lọ. Bọ́ọ̀sì ni mo máa máa dúró dè, ọkọ mi á sì máa kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọkọ̀ wíwà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Àìkú náà, ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi. Bí ọkọ mi ṣe jáde, mo ka ọgọ́ta lọ́kàn, mo wọ ìjàpá mi, mo tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù bà mí pé ẹṣin ọgọ́jọ á já mi jù sílẹ̀. Mo kàn ń da ara mi láàmú lásán ni. Bọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́ ẹrù wà níwájú bọ́ọ̀sì. Bí ìjàpá mi ṣe ń rìn náà ni ọkọ̀ ńlá náà ń rìn, mo sì ní láti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mejì kí n má baà kọ lù ú láti ẹ̀yìn. Nígbà tó kọjá ìyànà, ó dúró lábẹ́ igi kan ní Ìpọ̀nrí. Mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀ oníyanrìn kan. Mo la ojú sílẹ̀ láti rí obìnrin náà.

Ọkùnrin kan ló jáde lábẹ́ igi. Bàbá arúgbó, kúkúrú, ẹ̀wù kákí wà lọ́rùn rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ fún ọkọ mi, ó ṣí búùtù, ó mú tìmùtìmù rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí ìjókòó, ó fa ìjókòó síwájú, èyí tí ọkọ mi kò rántí dá padà lálẹ́ tó ṣáájú Sátidé yẹn. Ọkọ mi bọ́ sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú áńkáṣíìfù, ó lọ jókòó sẹ́yìn, ó sì ṣí ìwé ìròyìn. Bí wọ́n ṣe ń lọ, mo rí i tó ṣí ojú ewé kejì.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Ẹ má parọ́ fún ara yín, inú yín náà kò ní dùn. Mo ti fi oṣù méjì wọn gbogbo obìnrin ìjọ, ó wá jẹ́ pé awakọ̀ arúgbó ni. Ọkùnrin tí kò lè wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá ìyànà ló fẹ́ gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n wà. Mo padà sílé, mo sì pinnu ohun tí mo máa ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àǹtí dé pẹ̀lú àwọn ẹbí mẹ́ta tó kó wá láti wo bí òun á ṣe gba ọkọ̀. Mo ti fọ ìjàpá mi. Mo ti gbé e síwájú ọkọ̀ ńlá, ìdí rẹ̀ kọjú sí imú ẹṣin ọgọ́jọ. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, mo kúnlẹ̀.

"Àǹtí, irú yín kọ́ ló yẹ kó ká ara rẹ̀ kò sínú ìjàpá lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan gbé ìyẹn tẹ̀ lé yín. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín fi ọkọ̀ ńlá gbé yín lọ. Ṣé ẹ ti wọ inú rẹ̀ rí?"

Ojú rẹ̀ tàn. "O sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹ, ìyàwó. Ọkọ mi, dìde."

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀, Àǹtí."

"Kí ló rẹ̀ ọ́? Ṣé ìwọ lo fẹ́ fà á ni? Ṣebí ẹṣin ló máa fà á!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. "Ọgọ́jọ ni wọ́n, Àǹtí," mo ní. Ọkọ mi wò mí. Ó mọ̀ pé mo ti mọ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ń bẹ̀ mí, mo sì wo ibòmíràn.

Àǹtí jókòó sẹ́yìn bí ayaba. Ọkọ mi wọlé síwájú. Ẹ́ńjìnnì náà kú lẹ́ẹ̀kìíní, ó kú lẹ́ẹ̀kejì. "Ṣé ebi ń pa àwọn ẹṣin náà ni?" Àǹtí béèrè láti ẹ̀yìn. Ó yẹ kí ọkọ mi rìn sẹ́yìn díẹ̀ kó tó lè yà kúrò lẹ́yìn ìjàpá. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń wá jíà, mo rí òógùn etí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu mi láti sọ pé ó tó. Mo gbé e mì. Ẹ́ńjìnnì náà bú, ọkọ̀ náà sì fò síwájú. Ó gbá ìjàpá mi nídìí, ó tì í mọ́ ògiri ọgbà, ó sì dúró.

Lẹ́yìn náà ni ohùn Àǹtí gbòde. "Orí mi o! Ẹ gbà mí, ìyàwó ti pa mí o!" Èmi tí mo dúró lórí àtẹ̀gùn.

Ọkọ mi kò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn fún un, ó ṣì di sítíárìn mú. "Tíṣà," ó ní, "ọwọ́ wo ló yẹ kí n gbà? Ọwọ́ wo?"

Àǹtí ti fi iwájú orí gbá ìjókòó iwájú, ó wú bí ẹyin. Iná iwájú kan ṣoṣo ló fọ́ lára ọkọ̀ ńlá. Èmi ni mo wọ ibi ìwakọ̀, tí mo fi ẹ̀yìn rìn, tí mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìdí-Àràbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wà á nìyẹn, ìgbà ìkẹyìn sì ni. Mi ò kọjá jíà kejì títí a fi dé, nítorí kò sí ibi tí mo ti lè kọjá rẹ̀. Ọkọ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ lára ìdìmú ilẹ̀kùn, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí Àǹtí má baà gbọ́. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n yí wa sí ọwọ́ ọ̀tún, òun yà ní ìyànà kan ní Mushin, òun gba ọwọ́ òsì bó ṣe ti mọ́ òun lára, òun sì ṣe kòńgẹ́ obìnrin kan tó pọn ọmọ. Òun tẹ bíréèkì. Òun kò gbá wọn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìró obìnrin náà. Láti ọjọ́ náà, bí òun bá ti dé ìyànà, òun kì í mọ ọwọ́ tí òun wà mọ́.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ìwọ?" Ó wo títì. "O ò bá ti fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀."

Mẹkáníìkì wa ní Mushin, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó máa ń tún ìjàpá mi ṣe, wá wò ó lọ́jọ́ kejì. Ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. "Ìyá tíṣà, mi ò ní tàn yín. Ibi tí wọ́n ti gbá a gan-an ni ẹ̀mí rẹ̀ wà." Wọ́n wọ́ ọ lọ. Bọ́ọ̀sì ni mo ń wọ̀ lọ sí Yábàá fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Bàbá kúkúrú náà ń gba géètì wọlé ní gbangba, ó sì ń kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọkọ mi ní kí n máa bá wọn lọ, mo kọ̀. Ìgbéraga ni, mo mọ̀. Ní ti Àǹtí, ó sọ fún gbogbo Ọtọ́ pé mo gbìyànjú láti pa òun, títí ó fi kú kò padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, kò sì fìgbà kan sọ pé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lòun wá gbà. Mo kọ ọ́ síhìn-ín kí ẹnì kan lè mọ̀.

Ọkọ̀ ńlá náà gbó sínú ọgbà wa. Awakọ̀ náà sọ fún mi lọ́jọ́ tó fiṣẹ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ tí òun lo jíà kẹrin rẹ̀ kò pé mẹ́wàá. Mi ò bi í pé kí la wá rà á fún. Mo ti mọ̀. Nítorí ẹnu Àǹtí ni, àti nítorí tèmi náà. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tí kò lè sọ ọ́, ariwo ẹ́ńjìnnì ni yóò rà.

Ọkọ mi ti lọ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ọmọ mi ń wa ọkọ̀ tó ga tó yàrá, mo sì máa ń bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà pé níbo ni yóò ti ráyè sáré, wọn kì í dá mi lóhùn. Bí mo bá wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni, ibi tí wọ́n fa ìjókòó dé ni mo ṣì máa ń kọ́kọ́ wò. Lóṣù tó kọjá, àbígbẹ̀yìn mi fi tirẹ̀ gbé mi lọ sí Ìdí-Àràbà lọ wo ojú mi. Nígbà tí a dé ìyànà kan, ó wo ọwọ́ mi tó di ìdìmú ilẹ̀kùn mú, ó wo ẹsẹ̀ mi tó ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀.

"Mọ́mì," ó ní, "ṣé ẹ ò fọkàn tán mi ni?"

Mo ní mo fọkàn tán an. Mi ò sì yọ ọwọ́ mi.